Ohùn rẹ̀ há lóru ọjọ́ náà

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lónìí tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn. Owó tí mo fi ránṣẹ́, o dá a padà láìfi ọ̀rọ̀ kan tì í. Mo mọ ohun tó fà á, má rò pé ogbó ti sọ mí di ẹni tí kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló mú mi kọ̀wé yìí. Ó bọ́ lẹ́nu àbúrò rẹ, kò mọ̀ pé mo wà nítòsí, pé ọkùnrin kan wá síbi tí ẹ ti ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ń lù, tó ń pariwo pé ta ló ń bi ìyàwó òun ní ìbéèrè. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ó dá ojú rẹ mọ̀? Ṣé ó mọ ilé rẹ?

Àlàáfíà la wà. Orúnkún ìyá rẹ ti ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Àbúrò rẹ yege ìdánwò, ilẹ̀ ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé àpótí ìwé tó o fi síbẹ̀ kúrò. Mo sì ka àwọn ìwé náà. Bó o bá fẹ́ bínú, bínú. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àwọn ibì kan, bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé àwọn ọmọ iléèwé mi nígbà kan.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2001 fún àwọn tó ń ṣèwádìí ìwà ipá abẹ́ ilé ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Wọ́n ní ààbò obìnrin tí ẹ ń bi léèrè àti ti ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ló ṣáájú gbogbo nǹkan. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kẹ́ ẹ jókòó. Ọmọ tó bá ti gbọ́n tó láti tún ọ̀rọ̀ sọ ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Obìnrin kan péré nínú ilé kan. Bí ẹnikẹ́ni bá já wọlé, kẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ padà kíá sí nǹkan mìíràn nípa ìlera obìnrin, bíi nǹkan oṣù. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ronú kàn án mọ àwa ọkùnrin dáadáa, a ò ní dúró gbọ́ ọ.

Ṣé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà? Báwo ni ọkùnrin yẹn ṣe gbọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí pẹ̀lú èrò pé kí n pàṣẹ fún ọ pé kó o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sí mi lọ́kàn pé nígbà tó pariwo tán níbi iṣẹ́ yín, ilé ló gbà lọ, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti béèrè rẹ̀? Ẹ má ṣe pe obìnrin náà lórí fóònù o, ọkùnrin náà lè jẹ́ ẹni tó máa gbé e.

Olórí kunkun ni ọ́. Ìwọ náà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí nǹkan ṣe ń ṣe ọ́. Ìlànà yín fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tó ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò máa tú ọkàn rẹ̀ sí. Ta lò ń tú tìrẹ sí? Ṣé o ń sùn?

Nígbà tó o wálé kẹ́yìn, o sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ lù fún wa, mo sì ní, “Kí ni òun náà sọ kó tó lù ú?” Mo rí bó o ṣe ká bébà ọwọ́ rẹ. O ò bá mi jiyàn. Ilẹ̀ mọ́, o lọ.

Nínú àpótí rẹ ni mo ti rí ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2005, tó kan obìnrin tó lé ní 24,000 ní orílẹ̀-èdè 10. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọkọ wọn ń lù ò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí, àfi ọjọ́ tí àlejò mú bírò dání tó sì bi wọ́n. Mo bi ara mi léèrè ohun tó lè mú kí èèyàn sọ ọ́ fún àlejò láìtíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mi ò ní láti rìn jìnnà kí n tó rí ìdáhùn.

O ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí Àǹtí rẹ, àbúrò mi, kan ilẹ̀kùn wa lóru. Báàgì kan ló gbé, síìpù rẹ̀ ti já, ó fi okùn dì í. Mo tan iná sí i lójú, mi ò rí ọgbẹ́, mi ò rí ibi tó wú. Ohùn rẹ̀ ló kàn há. Bó bá fẹ́ gbé omi mì, á dijú. Mo ní ọ̀finkìn ni. Ó ní, “Bùọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n dúró fún ọjọ́ díẹ̀.” Mo ní kò sí tọkọtaya tí kì í jà. Ilẹ̀ mọ́, èmi fúnra mi ni mo gbé báàgì yẹn, èmi ni mo mú un padà. Mo bọ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2008. Ó ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ bá ti fún lọ́rùn rí, ewu pé ọkọ náà yóò pa á lé ní ìlọ́po 7. Òmíràn wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ní ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sí àpá kankan lọ́rùn. Kí ẹ wo ohùn tó há, kí ẹ béèrè bóyá ó ń dùn ún tó bá ń gbé nǹkan mì. Mo fa ìlà sábẹ́ “ohùn tó há” títí bébà náà fi ya. Màá ra òmíràn fún ọ.

Kò kú. Ọlọ́run ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ló jáde, kò gba ọ̀dọ̀ mi kọjá. Ìwé yín ní ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ lọ gan-an ni ewu máa ń pọ̀ jù, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré tì í jáde láìsí ètò. Ta ló bá a ṣètò? Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè. Ó ń kí mi, ó ń bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò sun ilé mi mọ́. Bó ti wù kó pẹ́ tó, á rí i dájú pé òun lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo máa ń rò pé iṣẹ́ ló ń sáré lọ ṣe.

Mo fẹ́ lọ bá a, mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ṣé kí n sọ fún un pé mo ti mọ̀, àbí kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́ ni mo ṣe fẹ́ lọ tú ọgbẹ́ rẹ̀? Rò ó fún mi.

Àmọ́ ti ọkùnrin yẹn ni kó o kọ́kọ́ dáhùn. Ṣé ó ti tún wá? Pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ. Má máa gba ọ̀nà kan náà délé. Mo ti tún fi owó náà ránṣẹ́. Bó o bá dá a padà, èmi náà á tún fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Bó o bá pè, a ó ní ọ̀rọ̀ òrùlé là ń sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.