Ta ló máa kọ X sára ilé ìjọba?

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn èèyàn á ti rí i.

Lọ́dún tó kọjá a fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé bàbá wa tó ti dípẹtà, ilé alámọ̀ ni, kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán níbí l'Ọ́yọ̀ọ́, òpó gbígbẹ́ méjì ló wà níwájú ẹ̀. A ò tíì yọ ju páànù mẹ́ta lọ táwọn tó ń mójú tó ilé kíkọ́ fi dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, wọ́n ní àdúgbò àtijọ́ nibẹ̀, a ò gbọdọ̀ pa ojú ilé dà, ká lọ gba àpúrúfà. Mi ò bá wọn jà, òótọ́ kúkú ni wọ́n sọ, tí kálukú bá ń wó tiẹ̀, kí la máa fi han ọmọ pé Aláàfin Àtìbà ló tẹ ibí yìí dó? A yàwòrán, a sanwó, a gba rìsíìtì, oṣù mẹ́rin gbáko ni òjò fi ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì màmá wa.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù tán ni katapílà dé sí ilé kejì sí tiwa. Ilé àtijọ́ nìyẹn náà, àmọ́ ó ti di ti ìjọba tipẹ́. Kí n tó jẹun àárọ̀ tán wọ́n ti wó o palẹ̀, òpó gbígbẹ́ ibẹ̀ làwọn lébírà wá ń jókòó lé jẹ ẹ̀wà. Ṣọ́ọ̀bù oníbúlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí, ó ti yọ sórí gọ́tà. Mo bi ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pé àpúrúfà tiyín dà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Alàgbà, ṣé ìjọba máa tún gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ni?"

Ó máa ń gbà á nígbà míì o! Ṣebí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó bára wọn dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórí ẹni tó ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé l'Ékòó, lọ́dún 2003 ni ilé ẹjọ́ sọ pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìkọ́lé ìlú, kì í ṣe àpapọ̀. New York náà ní òfin ilé àtijọ́ láti 1965, aráàlú tí ilé ẹ̀ wà nínú ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìlú fúnra ẹ̀, àbá lásán ni ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ilé àtijọ́ níbẹ̀ lè kọ fún un. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ṣùgbọ́n ó kéré tán wọ́n á kọ́kọ́ gbé pílánù síwájú ìgbìmọ̀ ná. Tiwa dà?

Ẹnì kan máa ní ṣé ẹ ò rántí Akẹ̀sán ni. Mo rántí, oṣù kìíní 2020 ló jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ tún un kọ́, ta ni yóò ní kí ọlọ́jà tí ọjà ẹ̀ jóná máa dúró de ìwé? Ilé tí mò ń sọ yìí kò jóná ní tiẹ̀, ó dúró sójú kan jẹ́jẹ́ ni.

Láyé àtijọ́ níbí, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó ló ń yọ kọ̀bì, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yọ síta, sójú ilé ẹ̀, nǹkan ọba ni, àwọn ìjòyè ńlá gan-an fi àṣẹ ní in ni. Aláàfin tó ń pàṣẹ yẹn náà kò sì dá ṣe é, Ọ̀yọ́ Mèsì ń wò ó.

Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sára ilé kẹta báyìí. Kí wọ́n lẹ pílánù wọn mọ́ ara ògiri ká rí i, kí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú. X tiwa ṣì wà lára ilẹ̀kùn, màmá fi kẹrosíìnì nù ún títí, kò lọ. Tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n mú ọ̀dà yẹn dání.

Èmi ni òǹkàwé yín kan l'Ọ́yọ̀ọ́.