Àjàní, Òtítọ́ Kì í Fi Dandan Gbé Àárín

Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara wa le níbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ni mo fẹ́ fèsì sí. O ní ìwé ìròyìn méjì tí ojú wọn kò gba ara wọn lò ń kà, pé ibi tí wọ́n bá ti ń jà, ìwọ a dúró sáàárín, torí ibẹ̀ ni òtítọ́ máa ń wà. O káre fún kíkà méjèèjì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ ẹjọ́ lọ́tọ̀, dídá ẹjọ́ lọ́tọ̀.

Ṣé o rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó? Lóṣù kẹjọ, fóònù kò jẹ́ ká sùn lóru: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ún, Ebola ò ní mú yín. Àwọn dókítà ní irọ́ ni. Ládùúgbò wa, àwọn kan ní ká má mu ún, ká kàn fi wẹ̀, wọ́n rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Iyọ̀ kì í wo Ebola, ìbáà ṣe ṣíbí kan tàbí garawa kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán èèyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí, tí wọ́n ń yẹ àwọn ẹni náà wò fún ọjọ́ 21, ni Ọlọ́run lò fún wa. Ní 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé a ti bọ́.

Ká ní ẹnìkan jí lónìí, ó ní gbogbo oko bàbá rẹ ni tòun. Bí baálẹ̀ bá pín in sí méjì kí ìjà lè parí, ìdajì oko ti bọ́ sọ́wọ́ olè nìyẹn, lọ́dún tó ń bọ̀ yóò tún wá fún ìyókù. Ẹni tó bá purọ́ tó jìnnà jù ló ń fa àárín sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Pèrègún tó wà láàlà ló yẹ kí baálẹ̀ lọ wò, kó sì bi àwọn tó bá wa pààlà.

Mo mọ̀ pé ilé yìí lo ti kọ́ ìlàjà, inú mi sì dùn sí i. Láàárín tọkọtaya, láàárín ọ̀rẹ́, máa ṣe é. Àlàáfíà ni ìlàjà ń wá. Bó bá di ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀, béèrè pé ta ló wà níbẹ̀, ìwé wo ni wọ́n rí, ta ló sì ń jèrè níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ìwé ìròyìn méjèèjì ni yóò ṣìnà. Bí ẹ̀rí bá sì gbè sẹ́yìn ẹnìkan, dúró síbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè ọ́ ní ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀rí tó le ju ìyẹn lọ bá yọ, ṣí kúrò, má tijú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ