Ẹ Kíyèsí Òdòdó Ìgbẹ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ẹ kú ìgbà ìkórè o. Ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ olótùútù tí a wà yìí ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń jí lọ sínú ọgbà á ti rí i pé ilẹ̀ kì í tètè mọ́ bíi ti oṣù Kẹfà mọ́, ìrì sì ti ń pọ̀ lórí ewé. Tó bá fi máa di ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀sán àti òru á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, lẹ́yìn náà òru ni á máa gùn sí i. Àsìkò yìí gan-an lọwọ́ ọgbà là jù: tòmátì ń pọ́n léraléra, kùkúmbà tí a ò rí lánàá ti gùn bí apá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ọkọ́ ro gbogbo òdòdó ìgbẹ́ tó hù sẹ́bàá ọgbà mi dànù, kí ọgbà olùṣọ́-àgùntàn lè mọ́ tónítóní. Elégédé mi yọ òdòdó rẹpẹtẹ, àmọ́ èso mẹ́ta péré ni mo rí. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ ló là mí lóye: elégédé ní òdòdó akọ, ó ní òdòdó abo, bí oyin ò bá gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sára abo, ọmọ inú rẹ̀ á rọ, á sì já bọ́. Ìyá ní, "Pásítọ̀, ẹ lé àlejò lọ tán, ẹ wá ń retí ẹ̀bùn tó gbé wá." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí díẹ̀. Lọ́dún yìí, mi ò fọwọ́ kan ẹ̀bá ọgbà. Ó rí játijàti, oyin ò sì kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Gbogbo wa la mọ "ẹ má ṣe àníyàn" inú Mátíù orí 6 sórí. Àmọ́ ní ẹsẹ 28, Olúwa tún ní ká kíyèsí òdòdó ìgbẹ́. Àṣẹ nìyẹn náà. Ta ló ti pa á mọ́ lọ́sẹ̀ yìí? Kò ní ká tà á, kò ní ká jẹ ẹ́, wíwò ló ní ká wò ó. Ó sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ rọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ 30. Ohun tí kò ní í ju ọ̀la lọ, Ọlọ́run ṣì jókòó tì í, ó wọ̀ ọ́ láṣọ tí Sólómọ́nì ò ní. (Mo mọ̀ pé Jeremáyà 8:20, "Ìkórè ti kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn ti parí, a kò sì gbà wá là," làwa oníwàásù máa ń sá bá lásìkò yìí, èmi náà ti fi dẹ́rù bà yín rí. Ó di ọjọ́ mìíràn.)

Léfítíkù 19:9-10 ní kí olóko má kórè dé igun oko, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Nítorí náà, tábìlì kan á wà lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ kó àjẹṣẹ́kù ọgbà yín wá. Ẹni tí kò ní ọgbà ni kó kọ́kọ́ yàn. Bí òtútù bá fẹ́ mú kí ìrì dì lóru, ẹ ká tòmátì tó ti ń yí àwọ̀ wọlé, á pọ́n nínú ilé. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú òdòdó ìgbẹ́ wá, kó fi sísọ́ọ̀sì gé e, kó má fà á tu, kó sì fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Oyin ò tíì kó oúnjẹ ìgbà òtútù tán.

Olùṣọ́-àgùntàn yín