Ọlọ́kọ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ páàdì bíréèkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ìtọ́jú ọkọ̀ kékeré, níbi tí òǹkọ̀wé ti ní kí ẹni tí kì í bá ṣe mẹ́káníìkì má fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́, ọkọ̀ á dúró. Bí bíréèkì bá kọṣẹ́, ọkọ̀ ò ní dúró. Síbẹ̀, mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn. Ẹni tí kì í yẹ bíréèkì rẹ̀ wò kò ní mọ̀ pé páàdì, ìyẹn ohun tó ń fún dísìkì mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró, ti jẹ tán àfi ìgbà tí irin bá ń ha irin.

Páàdì iwájú tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Tó bá ti kù bíi 3, ó tó pààrọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, béèyàn bá ti yọ táyà báyìí, á rí i. Kó wo dísìkì náà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń bá táyà yí, torí wọ́n sábà máa ń kọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ jù sí i lára.

Pípààrọ̀ páàdì iwájú kì í ṣe awo. Ìkánjú ló ń ṣeni ní jàǹbá níbẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún gbígbé e dúró. Ẹni tí kò bá ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ọkọ̀, kó má bẹ̀rẹ̀. Tọ̀tún tòsì la jọ ń pààrọ̀. Kí kálípà, ìyẹn irin tó di páàdì mú, má sì fi rọ́bà ọ́ìlì rẹ̀ rọ̀ dirodiro, wáyà ni ká fi so ó sókè.

Tẹ̀yìn yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé yín díẹ̀. Yíyí ni wọ́n ń yí písítìnì ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ kan (irin inú kálípà tó ń ti páàdì mọ́ dísìkì) wọlé, ẹni tó bá fi agbára tì í á bà á jẹ́. Bí háńdì bíréèkì bá sì jẹ́ oníná, ó sábà máa ń gba pé ká kọ́kọ́ pa á láṣẹ kó tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èyí ní lẹ́tà gàdàgbà: lẹ́yìn tí a bá ti písítìnì padà kí páàdì tuntun lè wọlé, àlàfo máa ń wà láàárín òun àti páàdì. Bí awakọ̀ bá ṣí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wọlẹ̀ lọ ráúráú, ọkọ̀ ò sì ní dúró. Kó tó kúrò lójú kan, kó tẹ̀ ẹ́ léraléra títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ló dùn mí jù pé àpilẹ̀kọ yín fò ó dá. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń bu kún un ni, wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. DOT 3 àti DOT 4, tí wọ́n jẹ́ oríṣi ọ́ìlì bíréèkì, máa ń fa omi mu látinú afẹ́fẹ́. Ó kéré tán, DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ooru tó 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó hó. Tó bá ti fa omi mu, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní nǹkan bíi 155. Béèyàn bá ń tẹ bíréèkì ṣáá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, ọ́ìlì tó ti gbó lè hó di oru. Oru ṣeé tẹ̀ pọ̀, ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ pọ̀. Bí bíréèkì ṣe ń sọnù lábẹ́ ẹsẹ̀ nìyẹn, páàdì ì báà jẹ́ tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣèèṣì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, á wú àwọn rọ́bà inú rẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá ń jò, tàbí tí bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí a ti tẹ̀ ẹ́ títí, ibẹ̀ ni kí ọlọ́kọ̀ ti fi sípánà sílẹ̀, kó sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ wá mẹ́káníìkì tó dáńtọ́ kó kọ ọ́ fún wa pẹ̀lú àwòrán, kó sì bẹ̀rẹ̀ látorí bí a ṣe ń wọn páàdì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan