Lẹ́tà sí Joe Oliver, ọ̀gá gbajúmọ̀ afọnfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà, Louis Armstrong

Bàbá Joe,

Ẹ jẹ́ kí n pè yín bí Louis ṣe ń pè yín. Ẹ ò mọ̀ mí. Fèrè ni èmi náà ń fọn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà èwe mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, eyín ń dùn mí, ni mo bá ní kí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ fọn ohùn kìn-ín-ní. Ọdún mẹ́ta ló ti ń fọn ègbè lẹ́yìn mi. Bó ṣe gbé fèrè sẹ́nu, gbogbo ìjọ dìde. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọba ni wọ́n ń pè yín ní Chicago ní 1922. Ilé ijó Lincoln Gardens ń kún nítorí kọ́nẹ́ẹ̀tì yín, fèrè idẹ kékeré oníbọ́tìnnì. Síbẹ̀, ẹ tẹ wáyà sí New Orleans pé kí Louis máa bọ̀, ọmọ tó máa ń jíṣẹ́ fún ìyàwó yín, tí ẹ fún ní ògbólógbòó kọ́nẹ́ẹ̀tì yín.

Mo ti gbọ́ àwo tí ẹ ṣe ní Richmond, Indiana, ní oṣù kẹrin 1923, títí mo fi mọ gbogbo ibi tó ti ń ha. Kò sí máìkì nígbà náà. Ìwo ńlá kan ni gbogbo yín ń fọn sí, wọ́n sì ní kí Louis lọ dúró lókèèrè, torí fèrè rẹ̀ ń bo tiyín mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń dá padà ni ibi tí ìlù àti dùùrù á dákẹ́, tí kọ́nẹ́ẹ̀tì méjèèjì á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn ò ní kọsẹ̀. Louis ní ẹ máa ń rọra tẹ bọ́tìnnì kọ́nẹ́ẹ̀tì yín kó tó kàn yín, kí òun lè rí ohun tó ń bọ̀, kí òun sì wá ègbè rẹ̀. Háà, Bàbá! Ìka yín ni ẹ fi ń kọ́ ọ, níwájú èrò, láàárín orin.

Lil Hardin tó ń tẹ dùùrù fún yín, tó fẹ́ Louis ní 1924, ní ẹ sọ fún òun pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n fọn jù yín lọ, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, kò ní lè kọjá yín. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí. Èmi náà ti rò ó, n kò kàn sọ ọ́ síta ni. Lil ló ní kí Louis kúrò lẹ́yìn yín, ó sì kúrò.

Àrùn erìgì ba eyín yín jẹ́. Ní Savannah, ẹ ń gbálẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń gbá bílíádì, ibẹ̀ lẹ sì kú sí ní 1938. Síbẹ̀, Louis ò yé dárúkọ yín. Ní 1960, ọdún tí a gba òmìnira, ó wá fọn fèrè rẹ̀ fún wa ní Nàìjíríà. Ẹ ti lo ọdún 22 nínú ilẹ̀. Ohun tí ìka yín kọ́ ọ ló gbé wá.

Mo ti pe ọmọ náà lánàá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun ni yóò fọn ohùn kìn-ín-ní, eyín ì báà dùn mí, ì báà má dùn mí. Èmi yóò máa wo ìka rẹ̀.