Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìgbà Wo Gan-an Ni Ọkọ̀ Yín Ń Ké?

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìrìnnà o.

Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń ra páàtì kí ẹ tó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, torí pé ẹnì kan ti ní "ṣáàfù ni" (irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà). Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí ìgbà tí ariwo náà ń jáde: ṣé bí ẹ bá ń yí kọ́nà ni, àbí bí ẹ bá tẹ bíréèkì, àbí bí ẹ bá wọ kòtò?

Bó bá ń dún "ká-ká-ká" ní kọ́nà, ẹ wá ibi tó ṣófo, ẹ yí sítíárìn dé òpin sí ọ̀tún, kí ẹ rọra wa ọkọ̀ yípo. Ẹ tún ṣe é sí òsì. Bó bá ké níbẹ̀, orí ṣáàfù tó wà lápá táyà ló ti jẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn rímù: bí gírísì bá ti ta sí i, rọ́bà tó bo orí ṣáàfù ti ya, iyanrìn àti omi sì ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, a óò fọ̀ ọ́, a óò fi gírísì àti rọ́bà tuntun sí i. Bó bá ti ń ké, gírísì kò ràn án mọ́.

Èyí tó ń tan ènìyàn jù ni "wùùù" tó ń ròkè bí eré ṣe ń pọ̀ sí i. Táyà tó jẹ ségesège náà ń dún bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìró táyà máa ń yí padà bí títì bá yí padà. Ti bẹ́árìn, irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, kì í yí padà. Lójú ọ̀nà tó dá, ní nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ẹ rọra yà díẹ̀ sí òsì. Ìwúwo ọkọ̀ á bọ́ sí ọ̀tún. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, bẹ́árìn ọ̀tún ni kí ẹ fura sí. Lọ́dọ̀ wa, a óò fi jáàkì gbé e, a óò di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, a óò mì ín. Bó bá ń yẹ̀, ẹnì kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀: bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, a óò wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so ìdí táyà mọ́ apá irin abẹ́ ọkọ̀.

Bíréèkì tó ń han láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, tó sì dákẹ́ lẹ́yìn ìtẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìpẹtà ojú dísìkì (irin pẹrẹsẹ tí bíréèkì ń fún mọ́ra) lásán ni. Èyí tó ń han látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni kí ẹ gbé wá. Ó ṣeé ṣe kí páàdì tó ń fún dísìkì náà ti kù bíi mílímítà 3. Bí irin bá ti ń fá irin, ẹ ó ra dísìkì mọ́ ọn.

"Kọ̀-kọ̀-kọ̀" nínú kòtò kéékèèké sábà máa ń jẹ́ línkéèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí táyà, tí owó rẹ̀ kò tó ti ṣọ́ọ̀kì rárá. (Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n sì máa ń tà fún yín!)

Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí iná ọ́ìlì pupa bá tàn, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ, ẹ wò ó. Bí ẹ bá ń gbọ́ "gbù-gbù-gbù" nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ má wà á wá. Kí wọ́n wọ́ ọ wá ni. Ọ́ìlì tó ki lè mú ariwo náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, irin tó ti jẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ nìkan ló ń ké, ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ wa, ká lè ṣíná sí i nígbà tó bá ti tutù. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.