Nígbà Tó Wẹ̀yìn Wò

Àsàlámù àlékùmù, ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn.

Mo ṣèlérí fún yín ní Jímọ̀ tó kọjá pé ọ̀rọ̀ sàká irè oko la ó bá wọ ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ṣe sùúrù fún mi. Àgbàdo inú àká kò ní jẹrà kí á tó padà dé ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló ti gba àyà mi láti ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo jókòó láti kọ ti sàká, gègé kò lọ.

Hádíìsì kan ni. Jábìr ọmọ Abdullah ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Abu Dawud, ó wà nínú ti Tirmidhi. Kò gùn. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé bí ènìyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tó wá wẹ̀yìn wò, àmánà (ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́) ni ọ̀rọ̀ náà. Ó parí.

Àti kékeré ni mo ti ń ké e ní ilé-kéwú, n kò dúró lé e lórí rí. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo dúró. Ẹ wò ó dáadáa. Kò sọ pé tí onítọ̀hún bá ní “má sọ fún ẹnikẹ́ni.” Kò sọ pé tó bá mú ọ búra. Ó yíjú wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tán. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kò tíì la ẹnu pé àṣírí ni, ọrùn rẹ̀ ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ń wí lónìí pé “kò ṣáà ní kí n má sọ ọ́,” wọ́n ti gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ láti ayé àwọn Sàhábà.

Mo wá bi ara mi: ẹni tí kò wẹ̀yìn wò ńkọ́? Bóyá aago mẹ́ta òru ni, nínú wọ́ọ̀dù, àwọn aláìsàn ti sùn, nọ́ọ̀sì méjì jókòó ti tíì tó ti tutù, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí wọn ìbá wẹ̀yìn wò. Bóyá ẹ̀rù èsì àyẹ̀wò ló gbà á lọ́kàn tó fi gbàgbé pé ayé létí. Ṣé torí pé kò yí ọrùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ọjà Ìpata? Ànábì ti dáhùn ní ibòmíràn: àmánà ni ìjókòó. Ìjókòó fúnra rẹ̀!

Ará Ìlọrin mọ ohun tó ń jẹ́ àmánà. Bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà bá kó owó sí ààfáà lọ́wọ́, ààfáà kì í ná an, kì í yá ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, kì í tú u han àlejò pé “ẹ wá wo owó Àlàájì lágbájá.” Kì í sì í sọ pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ti di tèmi. Olówó ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn ara ènìyàn rí. Olúwarẹ̀ lè dìde ní gbangba lọ́la kó sọ ọ́, òun ló ni ín. Títí di ọjọ́ náà, ìwọ kò gbọ́ nǹkan kan.

Anas ọmọ Malik, ọmọdé ni nígbà tí Ànábì rán an níṣẹ́ kan, tó fi pẹ́ kó tó délé. Ìyá rẹ̀ ní kí ló dá ọ dúró? Ó ní Ànábì ló rán mi níṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ó ní àṣírí ni. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yìí sọ. Kò ní “èmi tí mo bí ọ?” Ó ní: má sọ àṣírí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ẹnikẹ́ni. Anas dàgbà, ó wá ń sọ fún Thabit, ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, pé bó bá ṣe pé mo lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ni, ìwọ ni ǹ bá sọ ọ́ fún. Títí dòní, a ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ṣé ẹ mọ ẹni tí ìyá náà jẹ́? Ummu Sulaym ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí Ànábì máa ń mú lọ sójú ogun kí wọ́n máa bu omi fún àwọn jagunjagun, kí wọ́n sì máa tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Lẹ́nu tiwa lónìí, nọ́ọ̀sì.

Ó wá kàn yín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Ẹ pọ̀ nínú jàmáà yìí, a sì ń fi yín yangàn. Fáìlì aláìsàn, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tó wá gba ìtọ́jú, wọ́n sì kọ́ yín ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín, tó wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, ẹnu á tú? Ẹ ó ní fáìlì kọ́ lẹ kà, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló mú un wúwo. Fáìlì, ìjọba ń bá a ṣọ́ ọ. Ohun tí a sọ nídìí tíì lóru, Ọlọ́hun nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá wá ya ife sọ́tọ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó mọ ohun tó ń ràn àti ohun tí kì í ràn... ẹ jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀. Mi ò dárúkọ àìsàn ẹnikẹ́ni, ẹ má wulẹ̀ wá bi mí lẹ́yìn ìrun.

Kí ẹ̀yin yòókù má rò pé ẹ ti bọ́. Ọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ wa ló fi ń rìn. Ẹ̀yin Asalatu, tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé “ẹ bá wa fi lágbájá sínú àdúà,” tí ẹ ó wá kọ orúkọ, ẹ ó kọ àìsàn, ẹ ó kọ agboolé. Ṣé Ọlọ́hun kò mọ agboolé rẹ̀ ni? Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tiyín náà ní ìsọ̀ télọ̀. Ẹnì kan sọ lójú mi pé “ṣebí òótọ́ ni.” Ohun tí wọ́n bi Ànábì gan-an nìyẹn! Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́, o ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Bí kò bá jẹ́ òótọ́, o ti pa irọ́ mọ́ ọn. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim. Wọ́n ń kì wá pé Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, orí wa a sì máa wú. Ẹ da iyọ̀ sójú egbò wò ná.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni di ohun gbogbo mọ́nú o. Nọ́ọ̀sì tí abẹ́rẹ́ aláìsàn bá gún, kó má fi bò. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kó sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀, torí oògùn tó ń dènà HIV, kí wákàtí 72 tó pé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹni tó fẹ́ ṣe níkà, kó jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí èsì tirẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn ni kó gbọ́. Kò kan ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kò kan èmi Lèmọ́mù.

Bí ẹ bá lọ kí aláìsàn, ẹ yé bi í pé “kí ni dókítà rí?” Ànábì wọlé tọ Lárúbáwá ará oko kan tí kò yá, ohun tó sọ ni pé kò sí láburú, ìwẹ̀nùmọ́ ni, bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá ní ibà ni. Ẹnu ẹni tó ni ín la ti gbọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti jẹ àmánà, ìlẹ̀kùn túúbá ṣì wà ní ṣíṣí. Padà sí ibi tí o ti sọ ọ́, kí o sọ dáadáa onítọ̀hún níbẹ̀. Bí o bá máa lọ bẹ̀ ẹ́, má tún gbogbo rẹ̀ kà sí i létí.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láì pè ọ́, àyè rẹ wà ní sàfù, ní ìlà ìrun. Wọ́n sún mọ́ra ní Jímọ̀ tó kọjá, wọ́n dí i; mo ti ní kí wọ́n ṣí i. Ìyá àwọn ọmọ mi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ ni òun máa dúró, òun á sì gbé fúláàsì tíì dání fún ẹ̀yìn ìrun. Ó ní ife kan ṣoṣo ni òun ń mú bọ̀. Kí Ọlọ́hun fún ọ ní àlàáfíà, kó bo gbogbo wa láṣìírí. Àmín.

Ìkéde, ààyè ti fẹ́ tán: Owó ẹ̀rọ omi kò tíì pé, ẹ rí akápò. Ilé-kéwú á wọlé padà ní Àtìní. Àwọn nọ́ọ̀sì wa á tún wọn ẹ̀jẹ̀ríru lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A ó fi aṣọ bo ibẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n yé ka nọ́ńbà sókè. Ẹni tó wọ bàtà dúdú méjì lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀tún àti ọ̀tún ni o mú, kó dá ọ̀kan padà, òsì rẹ wà lọ́dọ̀ ládàánì.